Sírínjì Méjì Tí Mo Dì Láàárọ̀ Ọjọ́rú

Ẹ̀yin Alága wa, ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn yìí, tí ẹ fi fáìlì yín sílẹ̀ lọ́sàn-án yìí kí ẹ lè wá jókòó sórí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń mì, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀yin àgbààgbà tó ti fẹ̀yìn tì ṣáájú mi, tí ẹ wá wò ó bóyá mo ti ṣe tán láti wá jókòó tì yín nílé, mo kúnlẹ̀ fún yín. Orúnkún tó ń dùn mí ni ò jẹ́ kó hàn. Métírọ̀n, ẹ kú ìjókòó. Dókítà Pẹ̀lẹ́, mo kí yín. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin tí ẹ wà ní yàrá káàdì, ẹ̀yin tí ẹ ń nu ilẹ̀ tí a sì máa ń tẹ̀ ẹ́ kó tó gbẹ, ẹ̀yin ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, mo kí yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin aláìsàn wa, pàápàá ẹ̀yin tí èjìká gbé wá síbí, mo rí yín, mo sì rí bí ẹ ṣe ń pàtẹ́wọ́. Lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa, ta ló lè gbé apá méjèèjì pàtẹ́wọ́ nínú yín? Àti ẹ̀yin ẹbí mi ní ìlà kẹta níbẹ̀ yẹn: àwọn ọmọ mi, ìyàwó àbúrò mi, àti àbúrò mi fúnra rẹ̀, péńtà, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo tó kù láyé. Ẹ̀yin èèyàn mi gbogbo, ẹ kú ọ̀sán.

Àwo tí wọ́n fún mi lẹ́ẹ̀kan nìyẹn lórí tábìlì. Alága ní kí n gbé e sókè kí ayàwòrán lè rí i, mo ní kó ṣì wà níbẹ̀ ná. Ẹ má rò pé ìgbéraga ni. Wọ́n kọ "Olóòótọ́ Òṣìṣẹ́" sí i lára, ọ̀rọ̀ yẹn sì ń wò mí lójú láti ìgbà tí mo ti jókòó. Nǹkan kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ kí n tó mọ̀ bóyá tèmi ni àwo náà tàbí tèmi kọ́. Ẹnì kan sì wà nínú gbọ̀ngàn yìí tí apá ọ̀tún rẹ̀ rọ̀ mọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ. Bí mo bá dákẹ́ lónìí, apá yẹn lè má gbéra mọ́ títí ayé. Nítorí náà, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, kí ẹ má sì pàtẹ́wọ́ mọ́ títí n ó fi parí.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo lò nínú ọgbà yìí. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà tí mo dé, mo rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹnu mi ló tóbi jù lára mi. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ gan-an ni mo bá dókítà kan jà nítorí pé ó fi abẹ́rẹ́ tó ti lò sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Métírọ̀n ìgbà náà, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, pè mí sí ọ́fíìsì, ó ní ọ̀rọ̀ mi tọ̀nà ṣùgbọ́n ohùn mi mú ju abẹ́rẹ́ náà lọ. Mo gbọ́, mi ò yí padà. Nígbà tó yá, àwọn aláìsàn sọ mí ní Ìyá Abẹ́rẹ́, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí orúkọ yẹn.

Ẹ̀yin tí mo ti jágbe mọ́, ẹ pọ̀, mi ò lè dárúkọ yín tán kí iná tó lọ. Akọ̀wé yàrá káàdì, ẹ rántí ọjọ́ tí mo sọ pé ẹ sọ káàdì nù, tí mo sọ ọ́ lójú gbogbo èrò tó wà lórí bẹ́ǹṣì, tí ẹ wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ sunkún? Káàdì yẹn wà nínú àpò ọwọ́ mi. Mo rí i lọ́jọ́ kejì, mo rọra fi í sáàárín àwọn yòókù, mo sì tún bá yín wí pé ẹ ò wá a dáadáa. Ẹ má bínú. Ẹ ń rẹ́rìn-ín, ó dáa, ẹ rín in kó kún. Èyí tó kàn kò ní pa yín lẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ iṣẹ́ yàrá wa, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Iṣan kan wà tó so ẹran èjìká mọ́ egungun, òun la fi ń gbé apá sókè. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í dunni, tó dunni fún oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́fà, ọdún kan, tí èèyàn ò lè fọwọ́ kan ìpàkọ́ ara rẹ̀ mọ́, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé e wá. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ní yàrá wa, ọwọ́ àgbàlagbà gan-an ò tó pẹpẹ mọ́. Àwọn tó ń kun ilé, àwọn tó ń ṣe irun, àwọn tó ń gbẹ́rù sórí pẹpẹ, tíṣà tó ń kọ̀wé sójú pátákó, gbogbo wọn ni wọ́n ń wọlé pẹ̀lú apá tí wọ́n dì mọ́ àyà bí ọmọ tuntun.

Abẹ́rẹ́ méjì ni àwọn dókítà máa ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́ lórí rẹ̀. Ọ̀kan ni sìtẹ́rọ́ìdì, oògùn tó ń mú ìrora rọlẹ̀, tí àwa ń pè ní Funfun, torí pé ó rí bí omi tí wọ́n po mílíìkì díẹ̀ sí. Èkejì ni Ẹ̀jẹ̀. A ó fa ẹ̀jẹ̀ aláìsàn fúnra rẹ̀, a ó fi í sínú ẹ̀rọ tó ń yí i kíákíá, omi pupa rúsúrúsú tó bá lékè ni a ó fà, òun la ó gún padà sínú èjìká ẹni tó ni ín. Dókítà kan á ní Funfun ló dáa, ó ń ṣiṣẹ́ wéré. Òmíràn á ní Ẹ̀jẹ̀ ló dáa, ó ń pẹ́. Ọdún gbọọrọ ni wọ́n fi ń jiyàn ọ̀hún níbi tí wọ́n ti ń mu tíì, kò sì sẹ́ni tó mú ìwé wá.

Nígbà náà ni Dókítà Pẹ̀lẹ́ dé, ọdún méje nìyí. Ẹ mọ ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀: kò tíì gún ẹnikẹ́ni rí kó má kọ́kọ́ sọ pé pẹ̀lẹ́, ì báà jẹ́ ọmọ jòjòló, ì báà jẹ́ sójà. Ó ní ká yé gba ti ẹnu gbọ́. Ó ní ká wá ọgọ́fà èèyàn tó bá fọwọ́ sí i, ká pín abẹ́rẹ́ fún wọn láìṣojúsàájú, pẹ̀lú omi iyọ̀ lásán fún àwọn kan nínú wọn, ká sì wọn apá wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ní oṣù mẹ́fà, ní ọdún kan. Ojú wa là sí i. Iṣẹ́ ńlá ni, iṣẹ́ rere sì ni. Dókítà, bí ẹ ò bá tilẹ̀ fẹ́ wò mí lónìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lójú èrò: mi ò tíì bá ẹni tó ní sùúrù bíi tiyín ṣiṣẹ́ rí.

Báyìí la ṣe ń ṣe é. Aláìsàn á mú àpòòwé kan nínú àpótí, a ti lẹ̀ ẹ́ pa. Nọ́ọ̀sì á gbé e wọ yàrá inú, á ti ilẹ̀kùn, á ṣí i, á rí èyí tó bá wà nínú rẹ̀. Gbogbo wọn la ń fa ẹ̀jẹ̀ lára wọn, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi ìyẹn mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Nọ́ọ̀sì á pèsè abẹ́rẹ́, á wá fi pílásítà aláwọ̀ ilẹ̀ di sírínjì náà yípo kí àwọ̀ inú rẹ̀ má hàn. Aláìsàn á kọjú sí ògiri. Dókítà á gún un láìmọ ohun tó ń gún. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ nínú gbogbo ilé, ẹni tó di sírínjì. Èmi nìyẹn.

Òfin kan sì wà lára ògiri yàrá inú: ẹni tó bá ní ẹbí láàárín àwọn tó wá gba abẹ́rẹ́, kó jáde, kí ẹlòmíràn wọlé wá dì í. Ta ló kọ òfin náà? Èmi ni. Ta ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, tó ń fi ìka nà án sí gbogbo èèyàn? Èmi náà ni. Mo lé nọ́ọ̀sì kékeré kan jáde nígbà kan nítorí pé onílé rẹ̀ ló wá. Ó ní Mà, onílé kì í ṣe ẹbí. Mo ní ẹni tó lè kó ẹrù rẹ síta ju ẹbí lọ, jáde.

Ó wá di ọdún kan àti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Èjìká ọ̀tún àbúrò mi ti ń dà á láàmú fún oṣù mẹ́jọ. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi jù ú. Nígbà tí ìyá wa kú, ẹ̀yìn mi ló ti dàgbà, mo ń pọ̀n ọ́n lọ síbi tí mo ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a wọ ṣẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ kan sì bọ́ sí i lọ́wọ́, iṣẹ́ tó ti ń wá láti ìgbà pípẹ́, wọ́n sì sọ fún un pé bí kò bá lè bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn á gbé e fún ẹlòmíràn. Ó fọwọ́ síwèé bíi ti gbogbo èèyàn. Ọjọ́rú ni wọ́n fún un.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú yẹn, nọ́ọ̀sì tó yẹ kó gba ipò mi ò wá, ara rẹ̀ ò yá. Ohun tó yẹ kí n ṣe ò ju kí n sọ fún àbúrò mi pé kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ti la ẹnu. Mo wò ó níbi tó jókòó sí, ó fi ọwọ́ òsì gbé ìgúnpá ọ̀tún, mi ò lè sọ ọ́. Ó mú àpòòwé tirẹ̀. Obìnrin kan tó jẹ́ tíṣà mú tirẹ̀ tẹ̀lé e. Mo kó méjèèjì wọ yàrá inú, mo ti ilẹ̀kùn.

Mo ṣí ti àbúrò mi. Ẹ̀jẹ̀. Mo ṣí ti Tíṣà. Funfun.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tó wà lọ́kàn mi lọ́jọ́ náà rèé. Mo ti di bí ogójì sírínjì kó tó di ọjọ́ yẹn. Mo ti rí àwọn tó gba Funfun tí wọ́n ń padà wá lọ́sẹ̀ kejì, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń gbé apá sókè bí ẹni tó ń pe mọ́tò. Mo ti rí àwọn tó gba Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń wá pẹ̀lú ojú kíkorò, tí àwọn mìíràn ní ó tún wá le sí i. Ṣé mo dúró wo oṣù kẹfà? Mi ò dúró. Ohun tí Dókítà ń fi ọdún méje béèrè, èmi fi ọ̀sẹ̀ méjì dá a lẹ́jọ́. Mo rò pé mo mọ̀. Èèyàn tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀ nìkan fún ìgbà pípẹ́, ó máa ń rò pé òun nìkan ló mọ nǹkan.

Mo yí wọn padà. Mo fún àbúrò mi ní Funfun Tíṣà. Mo fún Tíṣà ní ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ tó yẹ ká dà nù. Ẹ̀jẹ̀ àbúrò mi, tí mo fà lápá rẹ̀ fúnra mi, tí ẹ̀rọ ti yí tán, mo dà á sínú garawa ìdọ̀tí. Mo di sírínjì méjèèjì, pílásítà náà dán, kò ká kò wọ́. Mo wá kọ ohun tó wà nínú àpòòwé sínú ìwé. Ohun tó wà nínú sírínjì, mi ò kọ ọ́.

Àbúrò mi, má tíì dìde. Jókòó, mo bẹ̀ ọ́, kò tíì tán.

Ọ̀sẹ̀ kejì pé, ó wá sílé mi, ó na apá ọ̀tún, ó fọwọ́ kan àtẹ́rígbà mi. Èmi àtìyàwó rẹ̀ jó. Dókítà ti sọ fún gbogbo wọn pé kí wọ́n má gbé apá ga ju èjìká lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ì báà dùn wọ́n ì báà má dùn wọ́n. Ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́ràn nígbà tí nǹkan ò dùn ún? Iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ gbójú sókè, gbogbo yín. Àjà tó wà lórí wa yìí ni wọ́n gbé fún un kùn. Ọjọ́ mẹ́rìnlélógójì ló fi dúró lórí àkàbà, apá rẹ̀ lókè, láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, kò sì sí ìrora kankan tó máa sọ fún un pé kó sinmi. Èmi tí mo mọ̀ ni mo ń gbé omi tútù wá fún un nísàlẹ̀ àkàbà, tí mo ń sọ fún èrò pé àbúrò mi nìyẹn.

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà, ìrora náà ti padà, ó mú àwọn ará ilé rẹ̀ wá. Nígbà tí ọdún pé, ẹ̀rọ tó ń ya inú ara fi hàn pé iṣan náà ti já ju ìdajì lọ. Tíṣà ńkọ́? Oṣù àkọ́kọ́, ó ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé, àwọn ọmọ kíláàsì ń fi í rẹ́rìn-ín. Oṣù kẹta, díẹ̀díẹ̀. Oṣù kẹfà, ó ti ń kọ ọjọ́ àti oṣù sókè pátákó níbi tí àwọn ọmọ ò ti lè nù ún. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára.

Ṣé Funfun ló já iṣan àbúrò mi? Mi ò mọ̀. Mo dọ́gbọ́n bi Dókítà nígbà kan bí ẹni tó ń bi í lórí aláìsàn kan lásán. Ó ní ẹnì kan ò lè jẹ́rìí fún abẹ́rẹ́ kankan, pé iṣan lè já lára ẹni tó gba Ẹ̀jẹ̀, ó lè já lára ẹni tí ò gba nǹkan kan. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má kúrò níbí kó lọ máa sọ pé Ìyá Abẹ́rẹ́ ní ká má gba Funfun. Èsì ọgọ́fà èèyàn ni kí ẹ dúró dè, kì í ṣe ti àbúrò mi àti Tíṣà. Mo ti ṣe irú àṣìṣe yẹn lẹ́ẹ̀kan, ẹ má bá mi tún un ṣe.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n ṣí ìwé náà. Dókítà pe aláìsàn kọ̀ọ̀kan, ó sọ ohun tí olúkúlùkù gbà fún un. Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo gbé tíréè dání, nígbà tó sọ fún àbúrò mi pé Ẹ̀jẹ̀ ni. Àbúrò mi wo apá ọ̀tún rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ wọ́ọ́rọ́wọ́ pé, "Á jẹ́ pé ara mi ni ò dáa." Tíréè ò jábọ́ lọ́wọ́ mi. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ti kọ́ mi bí a ṣe ń di tíréè mú.

Dókítà ní iṣẹ́ abẹ wà tí wọ́n fi lè so iṣan náà padà mọ́ egungun, ṣùgbọ́n kí ó má pẹ́ jù, torí pé iṣan tó bá ti já ń sún kúrò níbi tó wà, tó bá sì sún jìnnà, kò ní ṣe é fà padà mọ́. Wọ́n mú ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ yìí. Àbúrò mi ní òun ò ṣe. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, torí kò fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni: wọ́n ti fi ẹ̀jẹ̀ òun wo òun, kò ran òun, ẹran ara tí ò lè wo ara rẹ̀ sàn, ṣé ó máa jiná bí wọ́n bá wá fi ọ̀bẹ là á? Ó ti ń ta búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ fún àwọn péńtà ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ìyàwó wa pè mí pé kí n wá bá a sọ̀rọ̀, pé tèmi nìkan ló máa ń gbọ́. Mo lọ. Mo jókòó ní pálọ̀ rẹ̀ fún wákàtí méjì. Mo sọ ti àwọn tí wọ́n ti ṣe irú iṣẹ́ abẹ náà fún. Mo sọ ti ọwọ́ Dókítà tó rọ̀. Mo sọ gbogbo nǹkan tán àfi ohun kan ṣoṣo tó lè yí i lọ́kàn padà. Mo dìde, mo lọ sílé, mi ò sì lè jẹun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo padà lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún bọ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu. Ojú ń tì mí. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo fẹ́ kí ẹ fún mi ní àwo yẹn, ká má tan ara wa.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Lánàá, mo wọ ọ́fíìsì Dókítà, mo ti ilẹ̀kùn, mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méje, kò sọ pé pẹ̀lẹ́. Ó mú ìwé náà jáde, ó wo ìlà méjèèjì, ó wò wọ́n títí. Ó wá ní, "Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an la máa kọ ọ́, Mà, a sì máa kọ ẹni tó ṣe é. Àbúrò yín ńkọ́? Ta ló máa sọ fún un?" Mo ní èmi ni. Ó ní nígbà wo. Mo ní kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí mi ò pè é sí kọ̀rọ̀. Mo ti gbìyànjú kọ̀rọ̀, kọ̀rọ̀ ò ṣe é fún irú mi. Gbangba sì ni àbúrò mi ti ń ba ara rẹ̀ jẹ́, lórí bẹ́ǹṣì, níwájú ẹni tó mọ̀ ọ́n àti ẹni tí ò mọ̀ ọ́n. Gbangba náà ló yẹ kí wọ́n ti gbọ́ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, wò mí. Bí o ò bá lè wò mí, gbọ́ mi. Ara rẹ ò ṣẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi ẹ̀jẹ̀ rẹ wò ọ́ rí. Inú garawa ni mo dà á sí kó tó lè ran ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n gún fún ọ, èmi ni mo yàn án, mo yàn án nítorí pé mo fẹ́ràn rẹ àti nítorí pé mo gbọ́n lójú ara mi. O ti fi oṣù kan gbáko bínú sí ara rẹ. Èmi ló yẹ kí o bínú sí. Ẹran ara rẹ lè jiná bíi ti ẹnikẹ́ni. Mo bẹ̀ ọ́, má fi ìyà ẹ̀ṣẹ̀ mi jẹ apá rẹ.

Ó ti dìde. Ìyàwó wa, fi aṣọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kó kọjá. Kí ẹnikẹ́ni má dá a dúró, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi. Tíṣà, mo rí yín lẹ́bàá fèrèsé. Wọ́n sọ fún yín lóṣù tó kọjá pé Funfun ni ẹ gbà, ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Funfun. Ẹ̀jẹ̀ yín ni. Ó ṣe yín lóore, ṣùgbọ́n oore tí mi ò gbàṣẹ lọ́wọ́ yín kí n tó ṣe kì í ṣe oore. Mo mú ohun tí ẹ fọwọ́ ara yín yàn, mo gbé e fún ẹbí mi. Bó bá ti yí sódì ńkọ́? Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni apá yín já ńkọ́, ṣé n bá dúró síbí? Mi ò mọ̀, ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹ foríjì mí.

Alága, ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́tà, mo fi í sórí tábìlì yín láàárọ̀ yìí. Ohun tí ìgbìmọ̀ bá sọ ni mo gbà. Ẹ bá mi dá àwo yẹn padà; nọ́ọ̀sì tí mo lé jáde nítorí onílé rẹ̀ wà ní ìlà karùn-ún, ó jáde lọ́jọ́ náà láìjanpata. Òun ló pa òfin mọ́ nínú àwa méjèèjì, òun ni àwo náà tọ́ sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bá iṣẹ́ lọ, ọwọ́ yín á máa ròkè. Ìfẹ́ ẹbí ò ní fọ́ yín lójú lẹ́nu iṣẹ́. Ìmọ̀ yín ò ní di ìgbéraga mọ́ yín lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣe àṣìṣe, torí ẹ máa ṣe é, Ọlọ́run á fún yín lẹ́nu láti sọ ọ́ kó tó pé ọdún kan àti oṣù mẹ́rin. Ẹ̀yin aláìsàn wa, oorun yín á dùn lórí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ ó gbé ọmọ-ọmọ yín sókè, apá yín ò ní kọ̀. Dókítà Pẹ̀lẹ́, ọdún méje yín ò ní já sí asán nítorí tèmi. Iṣẹ́ yín á dé ibi tí ẹ̀ ń gbé e lọ.

Ẹ dákẹ́ ná, ẹ jọ̀ọ́. Àbúrò mi ò tíì lọ. Ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn. Kò wò mí, Dókítà ló ń wò, òun ló ń bi pé aago mélòó ni kí òun dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Dókítà, ẹ jẹ́ kí n dá a lóhùn, nọ́ọ̀sì yín ṣì ni mí títí di ìrọ̀lẹ́ òní. Aago méje àárọ̀ ni, àbúrò mi. Má jẹ nǹkan kan mọ́ bó bá ti di aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ Ajé. Má mu omi bí o bá jí. Wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó ní bọ́tìnnì níwájú, kó lè rọrùn láti bọ́. Bí o ò bá fẹ́ kí n wà níbẹ̀, mi ò ní wá.

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣé tí ẹ jókòó gbọ́ mi.